Bí a ṣe ń wọnú ikùn láìṣe aláìsàn léṣe: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ abẹ laparoscopy

Ẹ bi dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní laparoscopy ní tíátà, pé ibo ló ń bà á lẹ́rù jù. Á ní yíyọ òróǹro ni, tàbí dídí iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, tàbí fífi irinṣẹ́ gígùn rán nǹkan nínú ikùn. Ibẹ̀ kọ́. Bíi ìdajì nínú àwọn ìjàǹbá ńlá inú iṣẹ́ abẹ yìí ló ń ṣẹlẹ̀ kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, lásìkò tí wọ́n ń ti abẹ́rẹ́ àti trocar àkọ́kọ́ (ọ̀pá oníhò tí kámẹ́rà àti irinṣẹ́ ń gbà wọlé) bọ ikùn. Kámẹ́rà ò tíì wọlé nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó ń rí ibi tí nǹkan mímú yẹn ń lọ. Kì í ṣe ohun ojoojúmọ́ o: ìfun máa ń fara gbọgbẹ́ lára bíi aláìsàn 4 nínú 10,000, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lára bíi 2 nínú 10,000. Àmọ́ nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń wà láàárín aláìsàn àti ikú.

Ohun tí mo kọ síbí kò lè rọ́pò ọ̀gá tó dúró tì yín. Ó wà fún dókítà àti nọ́ọ̀sì tíátà tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró: tí àyẹ̀wò ìgbésẹ̀ kan ò bá tọ̀nà, a ò ní lọ sí èyí tó kàn, ẹni yòówù kó di abẹ́rẹ́ mú.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Ẹ kó wọn jọ kí aláìsàn tó wọlé. Tó bá ti sùn tán kí ẹ tó máa wá wọn kiri, ó ti pẹ́ jù.

- Abẹ́rẹ́ Veress, èyí tí a fi ń fẹ́ gáàsì sínú ikùn, ó kéré tán méjì. Èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu. Ẹni tó sanra gan-an lè nílò oní-15.
- Ẹ̀rọ gáàsì tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ ń hàn kedere, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, àti sìlíńdà CO2 méjì: ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan tó kún tó ń dúró dè é.
- Kámẹ́rà, iná rẹ̀ àti mọ́nítọ̀, gbogbo wọn lórí UPS tàbí invẹ́tà.
- Trocar tó tó, títí kan èyí tí orí rẹ̀ kò mú, fún ìwọlé ọ̀nà ṣíṣí.
- Kátítà, rọ́bà tí a fi ń fa àpòlúkù gbẹ, síríńjì, omi normal saline.
- Àwo irinṣẹ́ ìlakùn. Kó wà nínú tíátà gan-an, kó má wà ní sítọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé.
- Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti bá ti aláìsàn dọ́gba.
- Lọ́dọ̀ dókítà akunnilóorun, mọ́nítọ̀ tó ń fi iye CO2 inú èémí hàn.

Gáàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ CO2. Ó máa ń tètè yòrò sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á sì mí i síta. Iná dáyátẹ́mì, irinṣẹ́ oníná tí a fi ń gé ara tí a sì fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kì í sì í ràn án. Atẹ́gùn lásán tàbí ọ́síjìn kò gbọ́dọ̀ wọnú ikùn láé. Ẹ má fi àwọ̀ sìlíńdà ṣe ẹ̀rí, nítorí àwọ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ kà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tan ẹ̀rọ gáàsì sí lítà 1 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹnu rọ́bà wà ní ṣíṣí. Presha gbọ́dọ̀ wà nítòsí òdo. Ẹ wá ká rọ́bà náà mọ́lẹ̀: gáàsì gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹ̀rọ sì ké. Ẹ so ó mọ́ abẹ́rẹ́ Veress, kí ẹ wo presha tó ń hàn nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà níta. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, nítorí abẹ́rẹ́ tó dí díẹ̀ lè tàn yín jẹ tó bá yá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tẹ nǹkan líle. Apá inú tí kò mú gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì ta padà síta kíá. Èyí tó bá ń lọ́ra, ẹ jù ú sí apá kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun

Ìwé àyẹ̀wò ààbò iṣẹ́ abẹ tí àjọ WHO gbé jáde ní 2008 ní ibùdó mẹ́ta: kí aláìsàn tó sùn, kí abẹ tó kan ara, àti kí aláìsàn tó kúrò ní tíátà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n á ti fi báírò sàmì sí gbogbo rẹ̀ kí aláìsàn tó dé. Ìwé tí a ti dáhùn kí a tó bi í ní ìbéèrè, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ béèrè nípa iṣẹ́ abẹ àtijọ́, kí ẹ sì béèrè dáadáa. Tí ẹ bá ní, "Ìyá, ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí?", ọ̀pọ̀ obìnrin á ní rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí ọmọ méjì fún wọn. Ìbímọ ni wọ́n ka ìyẹn sí. Torí náà, ẹ ṣí ikùn wò pẹ̀lú ojú yín. Ojú àpá tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àárín ikùn jẹ́ àmì ewu: nínú bíi ìdajì àwọn tó ní i, nǹkan kan ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdodo, ó sì lè jẹ́ ìfun. Àpá ìgbẹ̀bí tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ dín ewu yẹn kù, kò mú un kúrò pátápátá.

Ẹ sọ fún aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ní kedere pé: "Ihò kékeré la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá di dandan, a ó la ikùn." Tí wọn ò bá gbọ́ ọ ṣáájú, tí wọ́n wá jí rí ojú ọgbẹ́ gígùn, wọ́n á gbà pé ẹ ṣe àṣìṣe, kódà bó jẹ́ ìyẹn ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Dókítà tó bá ti bá wọn ṣe ìlérí pé òun ò ní la ikùn ti fi ara rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Yóò máa tẹ̀ síwájú nígbà tó yẹ kó dúró.

Oúnjẹ líle gbọ́dọ̀ ti dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán ní wákàtí 2. Àwọn tó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde, tí òkúta inú òróǹro sábà máa ń gbé wá sọ́dọ̀ wa, kò gbọ́dọ̀ gbẹ, kò sì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ fà omi sí wọn lára láti àárọ̀, kí ẹ sì dín ẹ̀rọ amúlétutù tíátà kù.

*Àyẹ̀wò:* Kí ẹni tó máa di abẹ́rẹ́ mú sọ sókè orúkọ aláìsàn, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, ojú àpá tó wà níkùn, àti ibi tó fẹ́ gbà wọlé. Tí ẹnì kan nínú tíátà bá mọ nǹkan tó yàtọ̀, àsìkò yìí ló yẹ kó sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Bí aláìsàn ṣe máa dùbúlẹ̀

Kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kí bẹ́ẹ̀dì tẹ́jú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú: wọ́n á ti dorí aláìsàn kodò kí ìfun lè sún sókè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ títí trocar àkọ́kọ́ á fi wọlé. Tí orí bá ti lọ sísàlẹ̀, igun tí ẹ rò pé abẹ́rẹ́ ń gbà kọ́ ló ń gbà mọ́. Ó lè dojú kọ ibi tí aorta, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára, ti pín sí méjì, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí abẹ́ ìdodo. Nínú ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, àlàfo tó wà láàárín awọ ìdodo àti iṣan yẹn lè má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ.

Ẹ tú ìtọ̀ jáde. Ẹ fa àpòlúkù gbẹ, àgàgà tí wọ́n bá ti fi máàsìkì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí aláìsàn lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ọwọ́ tẹ ikùn káàkiri nígbà tí ara rẹ̀ ti rọ̀ tán. Ṣé kókó kan wà tí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ̀dọ̀ tàbí spleen (ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì) tóbi? Ibo ni aorta ti ń lù? Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan sí i pé ó tẹ́jú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan ẹnu ọ̀nà

Ọ̀nà mẹ́ta la sábà ń lò.

Èkíní ni inú ìdodo. Níbẹ̀ ni ògiri ikùn ti fẹ́lẹ́ jù, kódà lára ẹni tó sanra.

Èkejì ni Palmer's point, lápá òsì: sẹ̀ǹtímítà 3 sísàlẹ̀ egungun ìhà, lórí ìlà tó sọ̀kalẹ̀ láti àárín eegun tó so ọrùn mọ́ èjìká. Nǹkan kì í sábà lẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀, torí náà òun ló dára fún ẹni tó ní àpá láàárín ikùn. Ẹ má gba ibẹ̀ tí spleen tàbí ẹ̀dọ̀ bá tóbi, tàbí tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù tàbí spleen rí. Nílẹ̀ wa, tí ibà ti máa ń mú spleen wú, ẹ má fojú kéré ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ṣíṣí, tí wọ́n ń fi orúkọ Hasson pè. Ẹ ó gé awọ, ẹ ó gbé awọ líle inú ògiri ikùn sókè, ẹ ó gé e pẹ̀lú ojú tó ń rí i, lẹ́yìn náà awọ fẹ́lẹ́ tó bo ìfun. Ẹ ó fi ìka wọlé yí ká, kí ẹ tó ti trocar tí orí rẹ̀ kò mú bọ̀ ọ́. Ọ̀nà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ewu iṣan ńlá kúrò pátápátá. Kò ní kí ìfun má gbọgbẹ́ o, pàápàá tó bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri, àmọ́ ẹ ó tètè rí i, ìyẹn sì ni ìdajì ìwòsàn rẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ọ̀nà yìí ni kí ẹ gbà. Èmi ò rí ìdí tí àwọn kan fi ń fojú ọ̀lẹ wò ó.

Ìgbésẹ̀ 4: Abẹ́rẹ́ Veress

Ẹ gé awọ kékeré nínú ìdodo. Ẹ rọra fi abẹ ṣe é, nítorí abẹ lásán ti bá aorta rí lára ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ mú abẹ́rẹ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka, bí a ṣe ń mú báírò, kí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yín fara ti ikùn kó lè dá yín dúró. Láàárín gbùngbùn ni kí ẹ dúró, kí orí abẹ́rẹ́ kọjú sí ìsàlẹ̀ ikùn: ní bíi ìwọ̀n dígírì 45 lára ẹni tí kò sanra, ní ìdúró gangan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 90 lára ẹni tó sanra.

Ẹ tì í wẹ́rẹ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, tí tíátà bá sì pa rọ́rọ́ ẹ ó gbọ́ ọ: *tà*, ó gba awọ líle kọjá, *tà* kejì, ó gba awọ fẹ́lẹ́ kọjá. Ẹ dúró níbẹ̀. Kò sí nǹkan tí ẹ ń wá síwájú mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe jù rèé: wọ́n á máa mi abẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún sósì láti mọ̀ bóyá ó dúró ní òfìfo. Ihò tí abẹ́rẹ́ yìí ń lu kò ju mìlímítà 1.6 lọ. Tó bá ti wà nínú ìfun tàbí iṣan, mímì yẹn lè sọ ọ́ di yíya tó tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ má mì í.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi síríńjì fa abẹ́rẹ́, ẹ fún omi saline díẹ̀ sí i, ẹ sì tún fà á. Tí nǹkan kan ò bá padà wá, ó dára. Ẹ kán omi kan sí ẹnu abẹ́rẹ́, kí ẹ gbé ògiri ikùn sókè díẹ̀: omi náà á wọlé lọ. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé méjèèjì tán. Àyẹ̀wò tó lágbára jù wà níwájú, lójú ẹ̀rọ gáàsì.

Tó bá jẹ́ ohun aláwọ̀ ewé tàbí ohun tó ń rùn ló padà wá, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ gba ibòmíràn wọlé tàbí kí ẹ la ikùn láti wá ihò náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló tú jáde, ẹ má yọ abẹ́rẹ́. Ó ń dí ihò náà díẹ̀, òun náà ló sì máa júwe ibi tí ọgbẹ́ wà. Ẹ pariwo, ẹ la ikùn láàárín gbùngbùn lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọwọ́ àti aṣọ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kí dókítà akunnilóorun gbé ẹ̀jẹ̀ kọ́, kí ẹnì kan sì pe oníṣẹ́ abẹ iṣan.

Tí ẹ bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láìyege, ẹ má gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta níbẹ̀. Palmer's point tàbí ọ̀nà ṣíṣí ló kàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Gáàsì

Ẹ so rọ́bà mọ́ ọn, kí ẹ tan án ní lítà 1 ní ìṣẹ́jú kan. Má wo mọ́nítọ̀ kámẹ́rà, má wo fóònù; ojú ẹ̀rọ gáàsì ni kí gbogbo ojú wà fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Presha tó kọ́kọ́ hàn gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 10 mmHg lọ, tó bá tiẹ̀ wà lábẹ́ 8 ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yìí ló ṣeé gbọ́kàn lé jù nínú gbogbo ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ ó ṣe kà á:

Tí presha bá ga láti ìbẹ̀rẹ̀, tí gáàsì ò sì wọlé dáadáa, abẹ́rẹ́ ò tíì dé inú. Ó wà nínú ògiri, tàbí ọ̀rá inú ikùn ló dí i lẹ́nu. Ẹ rọra gbé ògiri sókè. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Tí presha bá sáré dé 15 nígbà tí gáàsì ò tíì pé lítà 1, ẹ fura. Ikùn àgbàlagbà sábà máa ń gba lítà 3 sí 5 kó tó kún dé ibẹ̀.

Tí gáàsì bá sì ń wọlé ṣáá tí presha ò gòkè, nǹkan ń jò, tàbí kí ó jẹ́ inú ìfun ni ẹ ń fẹ́ ẹ sí.

Lábẹ́ òfin tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó dúró ti ẹ̀rọ ló ni ohùn níbí. Kó pe nọ́ńbà sókè láìdúró kí wọ́n bi í: "Sà, presha ti wọ 14, gáàsì ò tíì pé lítà kan." Ìdáhùn tó tọ́ ni, "Ẹ ṣé, sístà, ẹ pa á." Níbi tí ọ̀gá bá ti ń dáhùn pé, "Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?", aláìsàn ibẹ̀ wà nínú ewu, kódà kí ọwọ́ ọ̀gá náà mọ́ iṣẹ́ tó báwo.

Dókítà akunnilóorun náà ní nǹkan tó ń ṣọ́. Bí awọ inú ikùn ṣe ń nà, ìlù ọkàn lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ dá gáàsì dúró, ẹ tú u jáde, ẹ jẹ́ kí ó fún un ní atropine, oògùn tó ń mú ìlù ọkàn yára, tó bá yẹ; ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkàn á padà bọ̀ sípò. CO2 inú èémí á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ ìmí ni wọn ó fi bá a wí. Tó bá gòkè kíákíá, tí awọ àyà tàbí ọrùn sì ń ró ṣákaṣàka tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gáàsì ti wọ abẹ́ awọ. Tó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí presha ẹ̀jẹ̀ bá a lọ, ẹ rò ó pé gáàsì ti wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ pa gáàsì, ẹ tú ikùn, kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì kí orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Tí ọkàn bá dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ìka kan ikùn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó ró bí ìlù níbi gbogbo, títí kan orí ẹ̀dọ̀ tí kì í ró bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló wú, ẹ má tíì mú trocar.

Ìgbésẹ̀ 6: Trocar àkọ́kọ́

Fún aláìsàn tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le, ẹ lè gbé presha dé 20 sí 25 mmHg fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí ògiri ikùn lè le kó sì jìnnà sí àwọn ohun inú. Ẹ sọ fún dókítà akunnilóorun kí ẹ tó ṣe é.

Ẹ na ìka ìfábẹ̀lá sára trocar kó lè dá a dúró, kí ẹ fi í lọ́ wọlé ní ìdúró gangan, láìfi gbogbo ara tì í. Trocar tó bá ń gba agbára púpọ̀, ihò awọ ló kéré. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i. Bí ẹ bá ti gbọ́ tí gáàsì mí "ṣíì", ẹ yọ ọ̀kọ̀ inú rẹ̀, ẹ má tì í síwájú mọ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, kí ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò jẹ́ ibi tó wà lábẹ́ ẹnu ọ̀nà gan-an. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà? Ṣé ìfun ní àmì? Lẹ́yìn náà, ẹ yí kámẹ́rà ká ní odindi. Bí ẹ bá rò pé ìfun lẹ̀ mọ́ ibi tí trocar gbà wọlé, ẹ fi kámẹ́rà kékeré wò ó láti ibòmíràn, nítorí trocar lè gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìfun kọjá kí ojú ẹni má rí i. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ dá presha padà sí 12 sí 15, kí ẹ tó wá dorí bẹ́ẹ̀dì kodò.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọn trocar yòókù, àti iná

Kò sí àwáwí fún èyí tó bá ṣe ìfun léṣe níbí, kámẹ́rà ti wà nínú. Gbogbo trocar kejì, ìkẹta, ìkẹrin gbọ́dọ̀ wọlé lójú kámẹ́rà, kí a máa wo orí rẹ̀ títí á fi dúró. Ẹ wá iṣan tó gun ògiri ikùn lápá ìsàlẹ̀, inferior epigastric, láti inú wá, kí ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ òde rẹ̀. Tó bá ti gé, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti ojú trocar, ẹ ti kátítà oníbàlúù gba ihò náà wọlé, ẹ fẹ́ bàlúù rẹ̀, ẹ fà á mọ́ ògiri kí ẹ sì fi nǹkan mú un níta. Ẹ̀jẹ̀ á dúró kí ẹ tó ráyè rán an.

Ní ti dáyátẹ́mì: ẹ yẹ rọ́bà ara irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò kó tó wọlé, torí ibi tó bó díẹ̀ lè máa jó ìfun lẹ́yìn ibi tí kámẹ́rà ń rí. Kí gbogbo irin orí rẹ̀ wà lójú mọ́nítọ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mú irinṣẹ́ ni kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ pẹ́dà. Ẹ lo iná tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́.

Tí iná NEPA bá lọ nígbà tí irinṣẹ́ wà nínú ikùn, kí gbogbo ọwọ́ dúró gbọin. Ẹ má fa nǹkankan jáde nínú òkùnkùn, ẹ má tẹ dáyátẹ́mì. Ẹ dúró de UPS tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo orí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé ibi tó wà ló ṣì wà, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Tíátà tí kò ní ohun tó máa gbé kámẹ́rà àti ẹ̀rọ gáàsì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí iná bá lọ, kò yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ abẹ yìí rárá.

Ìgbésẹ̀ 8: Jíjáde

Ó ti rẹ gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ẹ má kánjú. Presha gáàsì tó wà nínú máa ń fún iṣan kékeré pa, á wá dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ẹ dín in kù dáadáa, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún yẹ gbogbo ibi tí ẹ ṣiṣẹ́ sí wò. Ẹ yọ trocar lọ́kọ̀ọ̀kan lójú kámẹ́rà, kí ẹ máa wo ihò rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Ẹ ṣí fáàfù sílẹ̀ kí gáàsì jáde tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa di ìrora èjìká lọ́la.

Ihò tó ju mìlímítà 10 lọ láàárín gbùngbùn, àti èyí tó ju 7 lọ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ rán awọ líle rẹ̀. Tí ẹ bá rán awọ òde nìkan, ìfun lè yọ sínú ihò náà kó há síbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Aṣọ, abẹ́rẹ́ àti irinṣẹ́ pé, nọ́ọ̀sì sì sọ ọ́ sókè. Ibùdó kẹta ìwé WHO nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́

Òfin ibí yìí rọrùn: ẹni tí a ṣe laparoscopy fún gbọ́dọ̀ máa sàn lójoojúmọ́. Èjìká lè máa dùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, nítorí gáàsì ti fọwọ́ kan ògiri tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ tí inú rírun bá ń le sí i lẹ́yìn wákàtí 24 sí 48, tí ìlù ọkàn ń yára, tí ikùn wú, tí ó ń bì, tàbí tí kò lè jẹun, ẹ rò ó pé ìfun ti lu títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de ibà. Ìfun tí iná dáyátẹ́mì jó lè má lu títí ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí aláìsàn ti wà nílé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ìrora tó le kún un, kí wọ́n ní kó lọ sinmi. Lápá tàwọn ẹbí, wọ́n á ní iṣẹ́ abẹ ihò kékeré ni, kí ló fẹ́ ṣe é, wọ́n á fún un ní àgbo, ọjọ́ méjì á sì ti lọ.

*Àyẹ̀wò:* Kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù tí ẹnì kan máa gbé lóru fún un. Ẹ wá sọ fún ẹni tó ń mú un lọ sílé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí lẹ máa rí tí ẹ ó fi gbé wọn padà wá?" Tó bá lè ka mẹ́ta nínú àmì òkè yìí láìwo ìwé, kí wọ́n máa lọ. Tí kò bá lè kà á, ẹ jókòó kí ẹ tún un sọ.